Wẹ́fíà: Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Ọ̀rọ̀ Ilé

Bí obìnrin kan ní Òmù-Àrán bá wé gèlè, tó pọn ọmọ, tó ní Wẹ́fíà lòun ń lọ, ọkọ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àwàdà. Ìjọba ní orúkọ gígùn tó fún ẹ̀ka náà, orúkọ ọ̀hún sì máa ń yí padà bí ìjọba bá ṣe ń yí padà: ìgbáyégbádùn, ọ̀rọ̀ obìnrin, ìdàgbàsókè àwùjọ. Aráàlú kò bá wọn yí i. Wẹ́fíà ni ọ́fíìsì, Wẹ́fíà ni ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, Wẹ́fíà náà sì ni ìpinnu tí wọ́n bá ti ibẹ̀ mú bọ̀ wálé.

Òmù-Àrán ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ọ̀kan nínú 16 tó wà ní Kwara. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 148,610 sí i, láti Àjàṣẹ́-Ìpo tí ọkọ̀ Ìlọrin ń gbà kọjá títí dé Èsìẹ́ níbi tí àwọn ère òkúta wà. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí fáìlì rẹ̀ kò lè dé orí tábìlì Wẹ́fíà lọ́jọ́ kan, yálà ìkókó ni, opó ni, tàbí arúgbó tí kò sí ẹni tó ń fún un lómi.

Ìwé ìròyìn fẹ́ràn ọmọ tí wọ́n jí gbé àti ìkókó tí wọ́n bá lórí àkìtàn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kún tábìlì lójoojúmọ́ kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀: owó oúnjẹ ni. Bàbá ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó tàbí Jos, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn ìyá wọn, owó ilé ìwé sì ti délẹ̀. Òṣìṣẹ́ á kọ ìwé ìpè. Bí ọkùnrin náà bá jẹ́ ẹni tó ń tijú, á wá, á sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, torí kò sẹ́ni tó ń dá nìkan lọ jẹ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Tọ̀tún-tòsì á rojọ́. Òṣìṣẹ́ kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kíákíá, torí òun náà gbọ́ Yorùbá, ó mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Iye tí bàbá á máa san lóṣù, ẹni tí yóò san owó ilé ìwé, ọjọ́ tí ọmọ á máa lọ kí bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kọ sílẹ̀, tọkọtaya á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, iwájú òṣìṣẹ́ ni bàbá ti ń san owó náà, ibẹ̀ ni ìyá sì ti ń gbà á, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun san nígbà tí kò san. Bí ó bá yẹ àdéhùn ni wọ́n tó ń gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Baálé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù tó fi yàtọ̀ kò ju fáìlì lọ, àti pé baálé lè bínú kó dìde, òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ dìde.

Kí Wẹ́fíà tó dé, ẹbí ni Wẹ́fíà. Ọmọ òrukàn á bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀, opó á wà lábẹ́ ẹbí ọkọ, ìyá àgbà á tọ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu òwò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òwe náà dùn létí, àmọ́ àwọn tó ń pa á kì í sọ pé gbogbo igba ènìyàn náà kọ́ ló ń fẹ́ ire. Ẹbí yìí kan náà ló ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà láyé àtijọ́: bàbá jẹ gbèsè, ọmọ lọ ń sin olówó, iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe sì dúró fún èlé, títí wọ́n á fi rí ojú owó san. Ìjọba òyìnbó fi òfin dè é, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kó tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìwọ̀fà lọ, ọ̀nà tó ń gbà rìn kò dí. Ní ọdún 2003, àṣírí tú pé àwọn ọmọ láti agbègbè Zakpota ní orílẹ̀-èdè Benin ń fọ́ òkúta ní ibi ìfọ́kúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Ó ju 100 lọ nínú wọn tí wọ́n dá padà lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ tí wọ́n jí gbé. Òbí tàbí ẹbí ló fi wọ́n lé ẹni tó ṣèlérí iṣẹ́ àti owó lọ́wọ́. Ìdí rèé tí dídá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà kò fi tán síbi ká gbé e dé ẹnubodè. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ abúlé, kó bèèrè ẹni tó fa ọmọ náà sílẹ̀, kó sì wò ó bóyá onítọ̀hún kò ní tún fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ọdún tó yí.

Èkó ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1941, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Donald Faulkner wádìí àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn síta, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní boma boys, tí wọ́n ń mú àwọn atukọ̀ ojú omi lọ sí ilé aṣẹ́wó. Òun ni wọ́n fi ṣe òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn Èkó. Òfin àwọn ọmọdé jáde ní 1943, ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1946, wọ́n ká àwọn ọmọdébìnrin lọ́wọ́ kò láti kiri ọjà. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò rí ọjà kíkiri bí ìyà. Lójú tiwọn, bí ọmọbìnrin ṣe ń kọ́ òwò nìyẹn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí: ẹ dúró sí ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ ka iye ọmọ tó ń sá tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀ pẹ̀lú omi àti ẹ̀pà lásìkò tó yẹ kí wọ́n wà ní kíláàsì.

Nǹkan kan máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín nínú ìtàn àsìkò náà. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ CMS wò, fi ọ̀rọ̀ àwọn ère Èsìẹ́ tó ìjọba létí. Nígbà tó fi máa di 1945, ère náà ti ní ilé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì fi olùṣọ́ tì í. Láàárín ọdún díẹ̀ yẹn kan náà ni Faulkner ń wá owó àti ilé kiri fún ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ lára ní Èkó.

Òfin Èkó kò dé Òmù-Àrán lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ Ìlọrin, ní Ìhà Àríwá, ni òyìnbó pín apá Ìgbómìnà yìí sí, nítorí náà Kàdúná ni òfin àwọn ọmọdé tirẹ̀ ti wá, ní 1958. Ìlá Ọ̀ràngún, tó jẹ́ Ìgbómìnà bíi tiwọn, wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ìran kan náà, òfin méjì. Kwara di ìpínlẹ̀ ní 1967, àmọ́ ìpín náà kò parẹ́: Ìlá wà ní Ọ̀ṣun lónìí, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wà ní Kwara.

Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1991. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Kwara sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin àpapọ̀ náà ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó fún òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti mú ọmọ wá síwájú ilé ẹjọ́ bí ó bá ní ìdí láti gbà pé wọ́n pa á tì, wọ́n ń lù ú ní àlùbami, tàbí ó ń rìn kiri láìnílé. Adájọ́ kì í sì í dá jókòó níbẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé méjì, tí wọ́n ti ga lẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n á jókòó tì í.

Gbígba ọmọ kúrò nílé kò le tó mímọ ibi tí a ó gbé e lọ. Láti Òmù-Àrán, ìrìnàjò tó ju wákàtí kan lọ ni Ìlọrin, ọmọ tí wọ́n bá sì gbé dé ilé ìtọ́jú níbẹ̀ ti kúrò ní ilé ìwé rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó mọ oríkì rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ni ẹbí rẹ̀ tó kù? Òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ìyá àgbà ní abúlé kan, ẹ̀gbọ́n ìyá ní abúlé kejì. Ìtàn sọ pé àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbo ló ń mọ̀nà fún àwọn baba ńlá Ìgbómìnà. Wẹ́fíà kò ní ogbo. Ọ̀kadà ló ní, owó ọ̀kadà ọ̀hún sì lè jẹ́ láti àpò ara rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń korò gan-an ni ibi tí ẹbí tí à ń wá fún ìwòsàn ti jẹ́ ẹbí tó bo àrùn mọ́ aṣọ. Wọ́n bá ọmọdébìnrin sùn, ẹni tó ṣe é sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà á ti dé: wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ jẹ́ káwọn yanjú ẹ̀ nílé, pé orúkọ ìdílé ni kó wò. Òṣìṣẹ́ tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ parí ìjà bíi baálé gbọ́dọ̀ bọ́ ẹ̀wù baálé sílẹ̀ níbí. Òfin ọdún 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá bá ọmọdé lòpọ̀. Kò sí àdéhùn tí a lè tọwọ́ bọ̀ lórí rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn àgbà tó ń dọ̀bálẹ̀ mọ èyí kí wọ́n tó kúrò nílé.

Kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ kò sí nìkan ni iṣẹ́ yìí ti ń já kulẹ̀. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Abobo ní Ivory Coast, kú ní London ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000. Àwọn òbí rẹ̀ fi í lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè kàwé, bí àwa náà ti ń ṣe. Ọgbẹ́ 128 ni wọ́n kà sí ara rẹ̀. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe, tó jáde ní oṣù Kìíní 2003, fi hàn pé òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo rẹ̀ kò sì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹjọ́ 19 ló wà níwájú òṣìṣẹ́ náà nígbà kan.

Apá kan nínú ìwádìí náà wà tó yẹ kí gbogbo Wẹ́fíà ilẹ̀ Yorùbá kà. Wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ yẹn pé ọmọ náà máa ń dúró ṣánṣán bíi sọ́jà bí ìbátan rẹ̀ bá wọlé. Ó rò pé ìbọ̀wọ̀ fágbà tó wọ́pọ̀ ní irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ni. Ẹni tí a bí sí Òmù-Àrán lè ṣi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú ju òyìnbó lọ, torí inú wa máa ń dùn sí ọmọ tó bá kúnlẹ̀ tí kò gbójú sókè. Ọmọ tó dákẹ́ jù, tó tètè dìde jù, tó ń wo ojú ìyàwó ilé kó tó gba bisikíìtì lọ́wọ́ àlejò, onítọ̀hún ni kí òṣìṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ti àgbàlagbà kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ìgbómìnà ti pẹ́ lẹ́nu àjò, ọ̀pọ̀ ilé tó dára ní abúlé ló sì jẹ́ pé ìyá arúgbó kan àti ọmọ ọmọ méjì ló ń gbé e. Owó ń wọ fóònù, ó dára, àmọ́ fóònù kì í gbé arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015, tí Kwara náà ti ṣe irú rẹ̀, ka pípa aya, ọkọ, ọmọ tàbí ẹni tó gbára léni tì láìní ohun ìgbẹ́mìíró sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta ni, tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000, tàbí méjèèjì. Ó ka fífi àṣà jẹ opó níyà náà mọ́ ọn. Mélòó nínú àwọn ìyá tó wà nílé wọ̀nyẹn ló máa fẹ́ fi ẹjọ́ ọmọ tí wọ́n bí sun? Ìyá á ní ọmọ òun ń gbìyànjú. Òṣìṣẹ́ á wá nọ́ńbà ọmọ náà, á pè é, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òfin kan wà.

Ọmọ tí wọ́n bá tún dá padà sílé, tàbí tí wọ́n fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́, kò tíì kúrò nínú fáìlì. Òṣìṣẹ́ á tún wá, láì sọ ọjọ́, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Á kí àwọn àgbà dáadáa, á mu omi, á bèèrè oko. Lẹ́yìn náà ló máa ní kí ọmọ fi ibi tó ń sùn han òun, kó sì mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bí ẹni tó ń tọ́ ọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dáhùn gbogbo ìbéèrè, Wẹ́fíà tó gbọ́n kò ní bá a jiyàn. Á dìde, á dágbére, á sì ní kí ọmọ náà sin òun sọ́nà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ̀ fún àlejò. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ibi tí ọ̀kadà dúró sí, ẹsẹ̀ bàtà bí ogójì, kò sí àgbà kankan láàárín wọn.