Ooru mú un, òjò pa á, jíǹsì ò gbẹ: Ṣòkòtò wo gan-an ló yẹ ọdẹ Ọmọlé?

Àwọn tó ń sùn fọnfọn ní ẹ̀sítéètì Ọmọlé, àtèyí tó wà ní Féèsì Kìn-ín-ní àtèyí tó wà ní Féèsì Kejì, kì í sábà rántí ṣòkòtò tó wà nídìí ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì wọn. Wọ́n á bèèrè tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bèèrè fèrè, bó bá sì pẹ́ díẹ̀ tí wọn ò gbọ́ kí ọdẹ fi irin lu òpó iná, wọ́n á ní baba ti sùn lọ nìyẹn. Ṣòkòtò ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dá a sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ẹrù tí ọdẹ ń gbé kiri láti aago méje alẹ́ títí di aago mẹ́fà ìdájí, ṣòkòtò tí kò báṣẹ́ mu ló ń fìyà jẹ ẹ́ jù.

Jíǹsì ló pọ̀ jù nídìí wọn. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ nítorí pé ó le, kì í tètè ya, kì í sì í tètè fi ìdọ̀tí hàn. Àmọ́ kí òjò oṣù kẹfà ká ọdẹ mọ́ ìta ní aago kan òru ná, ìgbà yẹn ni yóò mọ irú ọ̀tá tó wọ̀. Òwú ni wọ́n fi hun jíǹsì, òwú sì máa ń mumi bíi kànrìnkàn. Ṣòkòtò tó fúyẹ́ nígbà tí baba wọ̀ ọ́ jáde nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, á lẹ̀ mọ́ itan, bó bá sì ṣe ń rìn láti òpin àdúgbò kan dé ìkejì ni itan méjèèjì á máa ha ara wọn. Kílẹ̀ tó mọ́, ibẹ̀ á ti bó.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá délé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé yàrá kan ní Ojódù, Ògbà tàbí Agége, nínú ilé onífési-mi-mo-fési-ẹ, níbi tí okùn aṣọ kan ṣoṣo ti wà fún ilé mẹ́jọ. Yóò fọ ṣòkòtò ní aago méje àárọ̀, yóò sá a, yóò lọ sùn. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ ilé ni yóò sá a sí. Títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìbàdí àti ojú àpò jíǹsì yẹn ò ní í gbẹ. Kí ni yóò wá wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Yálà kó wọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lómi lómi, tàbí kó lọ fa ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti Jímọ́ọ̀ yọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń wọ ti omi yẹn. Ibi tó bá lóoru, tó tún lómi, ni làpálàpá fẹ́ràn, kò sì síbi tí méjèèjì ti ń pàdé tó abẹ́ ṣòkòtò tí kò gbẹ. Àwọn tó bá ti jà sí i mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yún níwájú ọmọ onílé.

Àwọn kan lè ní kí ló kan ọdẹ géètì nínú ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ọdẹ, ṣebí mẹ́gáàdì lásán ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwàdà ni Yorùbá fi ń pe ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò ní ọdẹ, nítorí ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú láti ayébáyé. Ìṣẹrì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn Ọmọlé lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò Ògùn, ìtàn àwọn Àwórì sọ pé ọdẹ ló tẹ̀ ẹ́ dó, Ògúnfúnminíre lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní láti Ifẹ̀ ló ti gbéra, tó gbé àwo lé omi, tó ń tẹ̀ lé e títí tí àwo fi rì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí ìlú kọ́kọ́ yíjú sí. Igbó ti tán ní Ọmọlé lóòótọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀, àmọ́ ọdẹ gidi ṣì wà tó ń gba Bẹ́gà jáde lópin ọ̀sẹ̀, tó ń forí lé igbó ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣòkòtò kan náà ni wọ́n ń wá, èyí tí kò ní í mú ooru, tí yóò sì tètè gbẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí wọ́n bá gbé òwú gbígbẹ sí afẹ́fẹ́ lásán, láìjẹ́ pé òjò kàn án, nínú 100 gíráàmù ẹ̀, yóò fa omi tó tó gíráàmù 8 mọ́ra. Nílọ́ọ̀nù ń fa bíi 4. Pólísítà ò tiẹ̀ fa tó gíráàmù kan. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé pólísítà ń tètè gbẹ nìyẹn o, omi ò ríbi wọnú ẹ̀, ojú aṣọ ló ń dúró sí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí á sì gbé e lọ. Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣe nílọ́ọ̀nù jáde ní 1935, àwọn onímọ̀ méjì ní ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Whinfield àti Dickson, ló sì rí pólísítà ní 1941. Terylene ni wọ́n ń pè é nígbà náà, àwọn bàbá tó ṣọmọkùnrin Èkó láyé ijọ́un á rántí ṣòkòtò Terylene tí gígé ojú ẹ̀ lè gé iṣu.

Ìwúwo tún wà níbẹ̀. Jíǹsì tó nípọn dáadáa lè tó gíráàmù 400 ní mítà kan níbùú lóòró. Aṣọ ṣòkòtò tó fúyẹ́ fún ìgbà ooru kì í sábà ju 200 lọ. Ìdajì ẹrù ti kúrò nídìí baba nìyẹn, kí òjò tó rọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ ra pólísítà pọ́ńbélé o. Ó ní ibi tó ti ń dalẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í fa òógùn, nítorí náà, bí wọ́n bá hun ún pọ̀ jù, ní oṣù kẹta tí ooru Ìkẹjà ń ju 30 lọ lójúmọ́, ńṣe ni yóò dà bíi pé èèyàn wọ nọ́là. Ó tún máa ń gba òórùn mọ́ra, tí ọṣẹ kì í fi tètè bọ́ ọ kúrò. Èyí tó burú jù ni ti iná. Òwú tí iná bá ta sí máa ń jó di eérú ni, àmọ́ yíyọ́ ni pólísítà àti nílọ́ọ̀nù máa ń yọ́, èyí tó bá sì yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ọdẹ tó ń yin ṣakabùlà, tí ẹ̀tù ń ta pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí tó ń dáná sungbó fún òkété, ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ọdẹ géètì tó ń yáná nínú páànù pẹ̀lú ò gbọdọ̀ fojú kéré ẹ̀.

Nílọ́ọ̀nù tún láriwo. Bí itan bá ń ha ara wọn, á máa dún ṣàrà ṣàrà. Olè á ti gbọ́ ọ kí baba tó yọjú, ẹtu inú igbó ò sì ní í dúró wojú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, èyí tó dára jù fún iṣẹ́ méjèèjì ni aṣọ tí wọ́n fi òwú àti pólísítà pa pọ̀ hun, tí pólísítà pọ̀ ju òwú lọ. Lórí àkọlé kékeré tó wà nínú ìbàdí, òun ni wọ́n máa ń kọ 65 àti 35 sí. Òwú á fa òógùn, pólísítà á jẹ́ kó tètè gbẹ. Bí wọ́n bá wo ojú aṣọ náà dáadáa, tí wọ́n rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ṣe igun mẹ́rin mẹ́rin bí àwọ̀n, kí wọ́n mú un, irú ẹ̀ kì í ya ju ibi tí ẹ̀gún bá ti já a lọ. Kí wọ́n sá fún aṣọ tó rí bíi jẹ́sì tàbí ti àwọn eléré ìdárayá, ó fúyẹ́ lóòótọ́, ó ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n èèmọ́ á lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá, bí wèrèpè bá sì wọnú ẹ̀, ọjọ́ ò ní í dáa fún olúwa ẹ̀.

Àwọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge nìkan. Àwọ̀ búlúù àti dúdú làwọn onímọ̀ fi ń ṣe páńpẹ́ fún eṣinṣin tó ń kó àrùn oorun ran èèyàn, torí pé àwọ̀ wọ̀nyí ló ń fà á wá. Ẹ wá wo ọdẹ tó wọ jíǹsì búlúù wọgbó! Àwọ̀ kákí tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ ló dáa.

Ibi tí wọ́n ti ń rí i wá ńkọ́? Ẹni tó bá gbéra ní Ọmọlé, tó wọkọ̀ ní Ògbà lọ sí Agége, tó tún wọ òmíràn dé Super lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, á bá ara ẹ̀ ní Katangowa, ọjà òkìríkà tí òkìkí ẹ̀ kàn káàkiri. Orí ìwé ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kà léèwọ̀ láti kó wọlé ni òkìríkà wà o, àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn létí àwọn tó ń já bẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù? Ṣòkòtò àwọn ọdẹ òyìnbó wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, èyí tó lápò mẹ́fà, èyí tí wọ́n lè yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò kó di níkà. Àwọn tó ń tà á ò tiẹ̀ mọ̀ pé aṣọ ọdẹ ni, wọ́n á kàn máa ké pé, "Baba, fọ́ọ̀sì gírèèdì rèé!" Bí oníbàárà bá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù," kó má tíì sanwó. Kó kọ́kọ́ ta omi ẹ̀kán kan sí ojú aṣọ náà, kó wò ó bóyá ó mu ún lójú ẹsẹ̀. Kó fọwọ́ fún un pọ̀, kó tú u, kó wò ó bóyá ó hunjọ. Kó gbé e wọ̀ lé ti ìdí ẹ̀, kó lóṣòó, bó bá fún un lábẹ́, kó dá a padà.

Ọ̀kan wà tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, bó ti wù kó pọ́ tó. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fẹ́ràn aṣọ alábààlà tí wọ́n ya ewé àti igi sí, kí ẹran má baà rí wọn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tí kì í ṣe sójà kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ológun tàbí aṣọ tó jọ ọ́ láìgbàṣẹ. Sójà tó bá rí i nídìí ọdẹ lójú títì Bẹ́gà ò ní í bèèrè bóyá ti igbó Amẹ́ríkà ni àbí ti bárékè. Ìfọ́tí ló máa ṣíwájú ìbéèrè.

Ohun tó wá jọ èèyàn lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni abẹ́ ṣòkòtò. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń pariwo pé ṣòkòtò ọdẹ tiwọn ní aṣọ kékeré onígun tí wọ́n rán mọ́ abẹ́, kí ẹsẹ̀ lè yà dáadáa láìfa ojú rírán ya. Wọ́n ń gbowó gidi lórí ẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó kọ́ ló wà nínú àpò ṣòkòtò yìí? Kẹ̀ǹbẹ̀ àwọn baba ńlá Yorùbá fẹ̀ lábẹ́ débi tí èèyàn lè fi gun ẹṣin, sọdá odò, kó tún sá fún ẹ̀fọ̀n. Ṣòkòtò tí ọdẹ ń wọ̀ sábẹ́ gbẹ̀rí ò gùn ju orúnkún lọ púpọ̀, okùn ni wọ́n fi ń so ó, síìpù kan ò sí tó máa dógùn-ún. Ẹ̀yà kan ṣoṣo tó ń dà á láàmú ni aṣọ ẹ̀. Kíjìpá tí wọ́n fi ń rán an nípọn, ó lágbára, bó bá sì tutù, ọjọ́ kejì ni.

Èyí túmọ̀ sí pé télọ̀ kan ní Ògbà lè rán èyí tó dáa ju ti òyìnbó lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, òwú àti pólísítà ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, ó sì wà ní gbogbo ọjà. Láyé ìgbà kan, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọn ì bá ti rí aṣọ rà, nítorí Nigerian Textile Mills wà ní Ọba Akran ní Ìkẹjà láti àwọn ọdún 1960, àmọ́ ẹ̀rọ ibẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Kí wọ́n ní kí télọ̀ fi aṣọ onígun sí abẹ́, kó rán an léèmejì, kó fi okùn kún bọ́tìnì, kó má fi àpò mẹ́fà dí i lọ́wọ́, nítorí àpò ni kì í tètè gbẹ. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn débi tí wọ́n lè kì í bọ bàtà òjò, tìtorí ejò àti ẹ̀fọn.

Méjì ni kí wọ́n rán o. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù tó bá ń ra aṣọ òjò àti tọ́ọ̀ṣì fún ọdẹ lè fi ṣòkòtò méjì kún un, owó ẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń ná sórí ọ̀dà géètì lọ́dún. Ọ̀kan á wà lórí okùn, ọ̀kan á wà nídìí.

Jíǹsì náà ò sì di ohun àdànù. Kó di oṣù kejìlá tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí òjò ti lọ, tí òtútù ìdájí ń mú èèyàn gbọ̀n ní ẹnu géètì, baba á tún fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.