Èrò Ń Bọ̀ Lọ́nà Àgbádárìgì: Ẹ̀yin Ìyá Ọlọ́jà, Ilẹ̀ Yín Ńkọ́?

  

Ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó ilẹ̀ ló kún ẹnu gbogbo wa nídìí àtẹ. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Ìyànà-Ìbà ń pariwo, ẹni tó wà ní Àjárá náà ń pariwo. A máa ń ní ojúkòkòrò onílé ló fà á. Lóòótọ́, olójúkòkòrò wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kó tètè yé àwa tí à ń tajà ju ẹlòmíì lọ.

Ṣebí a mọ bí ọjà ṣe ń wọ́n? Bí tòmátò ò bá pọ̀, tí oníbàárà sì ń wọ́ wá, owó rẹ̀ á fò sókè. Bó bá ṣe díẹ̀ sí i, ọkọ̀ mìíràn á já a wá láti Òkè Ọya, owó á wálẹ̀. Ilẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí mọ́tò tó lè kó ilẹ̀ wá láti Kánò. Bí èrò bá ti ń pọ̀ sí i lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà, òkè ni owó rẹ̀ ń lọ.

Ẹ wo Èkó wa yìí. Òun ni ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, omi tún gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1963, àwọn tó wà ní gbogbo ibi tó di Ìpínlẹ̀ Èkó kò tó mílíọ̀nù 1.5. Ní 1991, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 5. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 9; ìjọba ìpínlẹ̀ ní ó tì o, àwọn ka ju mílíọ̀nù 17 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ká tiẹ̀ mú èyí tó kéré, èèyàn di ìlọ́po mẹ́fà láàrin ọdún 43!

Nígbà tí àárín Èkó kún, ọ̀nà tiwa ni apá kan èrò gbà. Wọ́n la márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n kọ́ Festac nítorí àjọ̀dún 1977. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé sí Ọ̀jọ́ ní 1983, ọjà Alábà náà sì ń fa èrò. Ní 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà náà. Ní September 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Marina dé Mile 2, Òkòkómáíkò ni wọ́n sì ṣètò pé kó dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ibi tí ọkọ̀ bá ti dé, oníbàárà á dé, ẹni tó ń wá ilé náà á dé.

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ilé ti ń wọ́n o. Ní Japan, àgbàlagbà ló pọ̀, ọmọ tí wọ́n ń bí ò tó nǹkan. Nígbà tí ìjọba wọn ka ilé ní 2023, bí i mílíọ̀nù 9 ló ṣófo. Láwọn abúlé mìíràn níbẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa gba ilé lọ́wọ́ wọn ni. Ẹ ò rí i pé èèyàn ló ń sọ ilé di ọjà gidi, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe páànù.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti di wúrà, ẹni tí kò ní ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé. Ní July 1990, ìjọba ológun wó Maroko, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Lónìí, ilé olówó ló wà níbẹ̀. Ní 2016 sí 2017, wọ́n tún lé àwọn ará Otodo-Gbame lápá Lẹ́kkí, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn apẹja, ọmọ ìyá wa, pọ̀ sí. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá wọn láre ní June 2017, ṣùgbọ́n ilé ti wó ná.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ máa ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni ta bọ̀ọ̀lì. Oko àgbọn tí wọ́n bá hú kọ́lé, àgbọn rẹ̀ ò ní dé orí àtẹ wa mọ́.

Ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ fi owó àjọ ra ilẹ̀, kó rí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí, kí gbogbo wọn fọwọ́ síwèé. Ọmọ ẹbí kan ò lè dá ilẹ̀ ẹbí tà. Òfin 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà, ẹ gbé ìwé sọ́fè lọ sí Alausa kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Òfin Èkó ti 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ṣùgbọ́n kí olè tó dẹ́wọ̀n, owó lè ti lọ.

Ìkẹta ló ká wa lára jù. Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dá owó ra ilẹ̀ pẹ̀lú ọkọ, tó jẹ́ orúkọ baálé nìkan ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ìyá tó fi èrè gàrí ra búlọ́ọ̀kù lè di àlejò nínú ilé tó bá wọn kọ́. Ẹ fohùn tútù bá baálé yín sọ ọ́, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìjà, ìmọ́tótó ọ̀rọ̀ owó ni.

Ẹni tí agbára rẹ̀ ò tí ì ká ilẹ̀, kó mọ̀ pé òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ò jẹ́ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àfi láwọn àdúgbò díẹ̀ bí Ìkòyí àti Àpápá tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Èrò ń bọ̀, a ò lè dá wọn dúró. Ọjà ni wọ́n jẹ́ fún wa. Ká ṣáà má di ayálégbé lórí ilẹ̀ tí a lè ti rà. Ọlọ́run á fún wa ní ilẹ̀ tiwa, àṣẹ.