Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Edé ní Ìlú Wàrí

Ọmọ Yorùbá tí ó bá fi ìlú Wàrí ṣe ibùjókòó kì í pẹ́ mọ oúnjẹ ibẹ̀ í jẹ. Kí ọdún tó yípo, úsì àti ọbẹ̀ bánga ti di oúnjẹ ilé rẹ̀, ọbẹ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi epo pupa àti kán-ún sè kò sì ṣàjèjì sí i mọ́. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí èdè Ìtsekírì bá tiwa tan, oúnjẹ olómi ni oúnjẹ wọn, ẹja àti edé sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá dé ọjà Igbudu tàbí ti Ogbe-Ijoh yóò rí edé gbígbẹ lókìtì-lókìtì. Edé yìí ni wọ́n ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ gbogbo, àní sínú mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọbẹ̀ tí kò ní edé fi dà bí omi lásán lójú ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kọ edé. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ìyá wọn kẹ́ wọn bàjẹ́. Bí ìwọ̀n tí orí ìka lè gbé bá wọ ẹnu irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ara rẹ̀ yóò sú, yóò sì máa yún un. Ètè àti ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò wú. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa bì, ohùn rẹ̀ yóò há, èémí rẹ̀ yóò máa dún bí ti oníkọ́ fée, òòyì yóò sì gbé e ṣubú. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àlẹ́jì nìyí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nínú ara wa láti bá àrùn jà ni wọ́n ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá, wọ́n sì gbé ogun dìde nínú ilé tí a fi wọ́n ṣọ́. Clemens von Pirquet, dókítà ará Austria, ni ó dá orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1906. Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀ ni Charles Richet àti Paul Portier ní ilẹ̀ Faransé ti ṣàpèjúwe èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀, èyí tí ń pani, iṣẹ́ náà ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Richet ní ọdún 1913.

Edé nìkan kọ́ ni ara ọmọ lè kọ̀. Wàrà màlúù, ẹyin, ẹ̀pà, kajú, àlìkámà, sóyà, yànmọ̀tí, ẹja àti akàn wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mo mú edé ní pàtàkì nítorí pé ní Wàrí, kò sí ibi tí kì í dé. Sísè kò gba oró rẹ̀ kúrò, nítorí iná kì í pa ohun tí ó wà nínú edé tí àwọn ara wọ̀nyí ń kọ̀. Irú nǹkan kan náà wà nínú akàn, ó wà nínú aáyán pẹ̀lú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọmọ mìíràn kò tilẹ̀ ní fi kan ẹnu. Ooru ìkòkò tí edé ń hó nínú rẹ̀ ti tó láti mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí a kò ní jẹ, a kì í fi runmú. Ti irú ọmọ yìí kọjá òwe.

Ìṣòro tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ni pé ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó, igba ojú náà kò sì sí nítòsí. Bí a bá wà nílé ni, ìyá àgbà, àbúrò ìyá àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n yóò ti mọ̀. Ní ọgbà ilé tí a háyà ní Wàrí tàbí ní Effurun, ará ilé òde ni ó ń fún ọmọ wa ní oúnjẹ nígbà tí a bá wà ní ibi iṣẹ́, ìfẹ́ ni ó sì fi ń ṣe é. Onísùyà ẹnu ọ̀nà kò mọ̀ pé ẹ̀pà tí òun pò mọ́ ata lè di ohun ẹkún. Nítorí náà, ẹ má ṣe tijú. Ẹ sọ fún ará ilé, fún olùkọ́ àti fún àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tàbí ilé kéwú. Ẹ sì sọ ọ́ ní èdè ìgboro Wàrí tí tolórí tẹlẹ́mù gbọ́: “Crayfish fit kill am.” Bí ẹ bá rọra sọ pé edé kì í bá a lára mu, wọn yóò rò pé inú lásán ni ó ń run ún.

Àwa Yorùbá kò ṣàì mọ ohun tí a ń pè ní èèwọ̀. Ẹni tí ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, a kì í sì í fún ìbejì ní ẹran ẹdun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣe àlejò wa, a kì í bá a jiyàn, a kì í ní kí ó tọ́ díẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá wí pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ jẹ edé, a óò ní àṣejù ni, a óò ní ìwé ni ó ti kà jù. Ẹlòmíràn yóò tilẹ̀ yọ́ bu díẹ̀ sí i lẹ́nu láti dán an wò. Èyí kò bójú mu rárá. Bí a bá lè bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀, kí ni ó dé tí a kò lè bọ̀wọ̀ fún èyí tí ìdí rẹ̀ ń wú lójú ọmọ?

Bí ó ti wù kí ó rí, kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ó bá da ara rú ni ó jẹ́ àlẹ́jì. Wàrà tí ń da inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàmú kì í pani. Inú wọn ni kò lè dà á mọ́. Ẹja Titus ńkọ́? Bí iná mànàmáná bá lọ, tí yìnyín yọ́, tí wọ́n sì tún un mú dì, oró kan ń hù nínú rẹ̀ tí sísè kò lè pa, tí ń mú ojú pọ́n, tí ó sì ń mú ara yúnni gẹ́gẹ́ bí àlẹ́jì. Ó lè mú gbogbo ará ilé tí ó jẹ ẹ́ pọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan pàápàá kì í parí ẹjọ́. Ní ọdún 2013 àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde láti orílẹ̀-èdè Ghana nípa àwọn ọmọ ilé ìwé tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn bí ẹni pé ara wọn kọ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà láìsí ewu. Aràn inú omi tí ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà lára ohun tí ó bá èsì àyẹ̀wò náà tan. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi oúnjẹ mẹ́wàá du ọmọ nítorí ìwé àyẹ̀wò kan. Dókítà ni yóò fi ìtàn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gbe àyẹ̀wò náà lẹ́yìn.

Àwọn ìyá kan sì ti ń sá fún ẹ̀pà àti ẹyin kí ọmọ tó pé ọdún méjì, kí àlẹ́jì má baà mú un. Ìmọ̀ ti yí padà lórí èyí. Ní ìlú London, wọ́n kó ọmọ ọwọ́ 640 jọ tí ó ṣeé ṣe kí ara wọn kọ ẹ̀pà, wọ́n ń fún apá kan ní oúnjẹ ẹ̀pà, wọ́n sì fi í du apá kejì. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nǹkan bí 17 nínú 100 nínú àwọn tí a fi du ni ara wọn kọ ẹ̀pà. Nínú àwọn tí ń jẹ ẹ́, nǹkan bí 3 péré ni. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ọmọ bá ti tó oṣù mẹ́fà, ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tí ó kúnná mọ́ ògì rẹ̀. Ẹ̀pà oníhóró lè há a lọ́fun. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń lé, tí ó ń bó burúkú, tàbí tí oúnjẹ kan ti dà láàmú rí, ẹ mú un lọ bá dókítà ná.

Bí ara ọmọ bá wú, tí èémí sì ń ṣòro fún un lẹ́yìn oúnjẹ, epo pupa kọ́ ni oògùn rẹ̀, àgbo kọ́, wàrà kọ́. Wọ́n lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Piriton ń dín ara yíyún kù, kò lè ṣí ọ̀fun tí ó ti dí. Abẹ́rẹ́ adrenaline, tí a ń gún sí ẹ̀gbẹ́ itan, ni oògùn rẹ̀. Ó wà nínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìgò kékeré rẹ̀ kò sì wọ́n bí èyí tí wọ́n ṣe bí gègé tí òbí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún, tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilé oògùn wa. Ẹ béèrè nísinsìnyí, kí ọ̀ràn tó dé, bóyá ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù ní adrenaline ní òru, ìbáà ṣe Central Hospital ní Wàrí tàbí ti àdáni. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí èémí bá ń há a, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn lọ sídìí kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ẹ gbé e. Bí ó bá sì ti yá, ẹ má ṣe kánjú gbé e relé, nítorí ó lè padà wá lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹyin tàbí wàrà sábà máa ń dàgbà bọ́ nínú rẹ̀. Ti edé kì í sábà lọ. Nítorí náà, ẹ sè ìkòkò ọbẹ̀ láìfi edé sí i, ẹ bu ti ọmọ náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀, kí ẹ tó da edé lé èyí tí ó kù fún àwọn yòókù. Bí ọdún Kérésì tàbí Iléyá bá sì ń bọ̀, tí ẹ fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ sílé, ẹ tẹ ìyá àgbà láago kí ọkọ̀ tó gbéra ní Effurun, nítorí ó ti lè máa lọ edé sínú ẹ̀fọ́ rírò tí yóò fi kí wọn káàbọ̀.