Mọ́tò oníná: Bátìrì ńlá kọ́ ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ bèèrè

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ, ìṣirò ọjà kò rí bákan náà mọ́ fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Okun. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó igba náírà kí ọjọ́ náà tó pé ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó bá ń kó gààrí tàbí iṣu láti Iffe, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, lọ sí Kabba mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, nígbà mìíràn ó ń jẹ wọ inú ojú owó pàápàá.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń fi iná mànàmáná rìn kò fi jẹ́ ìròyìn òkè òkun lásán mọ́. Ní 2021, ilé iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná, èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó, jáde sọ́jà ní mílíọ̀nù 24 náírà. Ní 2023, bọ́ọ̀sì oníná tí Oando kó wọlé dé sí ojú títì Èkó lábẹ́ àjọ LAMATA. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, Mínísítà fún Ètò Ìnáwó, Wale Edun, kéde pé mọ́tò oníná wà lára àwọn ọjà tí wọn kò ní í gba owó VAT lé lórí mọ́.

Ìbéèrè tí ẹni tó fẹ́ ra irú mọ́tò yìí kọ́kọ́ máa ń bèèrè kò yàtọ̀ láti Amẹ́ríkà dé Nàìjíríà. Wọn a ní: “Báwo ló ṣe lè rìn jìnnà tó?” Bátìrì sì ni ẹni tó ń tà á máa fi ń dá wọn lóhùn. Yúníìtì kan náà tí àwọn èèyàn ń rà sínú mítà ilé wọn ni wọ́n fi ń wọn bátìrì mọ́tò. Nígbà tí Nissan gbé Leaf jáde ní ìparí 2010, yúníìtì 24 ni bátìrì rẹ̀ ń gbà, ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà sì fi hàn pé kìlómítà 117 ló lè rìn kí iná inú rẹ̀ tó tán. Àwọn oníbàárà ní ó kéré. Nissan sọ ọ́ di 30, ó sọ ọ́ di 40 fún mọ́tò ti ọdún 2018, ó sì dé 62 nígbà tó di ti 2019. Bí oníbàárà ṣe ń béèrè ni ilé iṣẹ́ ń fi kún un.

General Motors tilẹ̀ gbé e kọjá ààlà. Hummer oníná tí wọ́n ṣe ní bátìrì tó ń gbà ju yúníìtì 200 lọ. Bátìrì náà nìkan wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,300. Ẹni tó bá mọ Obajana yóò tètè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: àpò sìmẹ́ńtì 26 ni, kí èèyàn kankan tó jókòó sínú ọkọ̀, kí wọ́n tó gbé ẹrù kankan sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo a máa fúyẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ṣùgbọ́n bátìrì tó ṣófo wúwo tó èyí tó kún.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bátìrì ńlá dà bí kẹ́ẹ̀gì ńlá. Ó ń sọ bí ohun tí ọkọ̀ lè gbé ṣe pọ̀ tó, kò sọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń mu ún. Kona tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 64 ń lo nǹkan bíi yúníìtì 17 láti fi rin kìlómítà 100, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ka èyí tó ń ṣòfò nígbà tí wọ́n bá ń cháájì rẹ̀ mọ́ ọn. Hummer yẹn ń lo ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ fún ìrìn kan náà. Owó tó ń jáde lápò oníṣòwò lójoojúmọ́ wà nínú iye tí ọkọ̀ ń lò yìí, kò sí nínú bí bátìrì ṣe tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí iná Iffe fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé lásán lè fún cháájà mọ́tò ní yúníìtì méjì lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ká ní iná wà fún wákàtí mẹ́fà lóru, yúníìtì 14 ni yóò wọlé. Mọ́tò tó ń lo 17 fún kìlómítà 100 yóò fi ìyẹn rin nǹkan bíi kìlómítà 80. Hummer kò ní í fi rin tó ìdajì ìyẹn. Bí bátìrì mọ́tò àkọ́kọ́ yìí ń gba yúníìtì 24, bó sì ń gba 64, kìlómítà 80 náà ni iná òru yẹn fún un. Láti kún bátìrì 64 láti òfìfo, yóò tó wákàtí 28 kí ó tó kún, èyí tí í ṣe òru márùn-ún bí iná bá ń wá fún wákàtí mẹ́fà péré. Bí iná bá wá láìlágbára, bí ó ti máa ń wá nígbà mìíràn, yóò tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé bátìrì ńlá ní àǹfààní kan níbí: bí iná bá ṣojú àánú ní ọjọ́ Àìkú, ó lè gba púpọ̀ pa mọ́ de ọjọ́ tí kò ní í sí iná. Àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n fi ń ra àǹfààní yẹn.

Ní ti owó iná, oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC gbé yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná yẹ kó máa wà lọ́dọ̀ wọn fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, dé 225 náírà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wálẹ̀ sí 206.80. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi 225 ṣe é, kìlómítà 100 fún mọ́tò tó ń lo yúníìtì 17 yóò jẹ́ 3,825 náírà. Mọ́tò elépo tó ń mu lítà mẹ́sàn-án yóò gba 9,000 náírà bí lítà kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Èrè wà níbẹ̀ dájúdájú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń cháájì rẹ̀ ńkọ́? Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju nǹkan bíi yúníìtì méjì jáde, ìyókù di ooru àti ariwo. Ó di pé lítà mẹ́jọ àtààbọ̀ ni yóò lọ fún yúníìtì 17 náà. Ẹni tó sá fún ilé epo tún padà síbẹ̀, ó kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n lo sólà. Ó ṣeé ṣe, bíi pánẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ti 400 wáàtì lè mú yúníìtì 14 wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà sì ni mọ́tò oníṣòwò wà lọ́jà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba àwọn oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Láti Kabba sí Lọ́kọ́ja tó nǹkan bíi kìlómítà 80, àlọ àti àbọ̀ di 160, ẹni tó sì ń bọ̀ láti Iffe tún ní tirẹ̀ láti fi kún un. Leaf àkọ́kọ́ kò lè lọ kó sì bọ̀, àní nígbà tó wà ní tuntun. Ọ̀nà Obajana sí Kabba, kìlómítà 43 tí Dangote fi kọnkéré ṣe, dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú síbẹ̀ láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, kò sí kẹ́ẹ̀gì tí ọlọ́kadà lè bá èèyàn gbé wá. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò ni iye ìgbà tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sì ń lo ìyókù láàárín Iffe, Iyara àti Kabba, lè wọ ọkọ̀ èrò ní ọjọ́ kan yẹn, kó sì fi owó bátìrì ńlá ra ọjà. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kò yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì kékeré sétí rárá.

Ní Ṣáínà, àwọn tó mọ ìwọ̀n ara wọn kò kéré. Wuling Hongguang Mini tó jáde ní 2020 ní bátìrì yúníìtì mẹ́sàn-án lé díẹ̀ nínú èyí tó kéré jù, ilé iṣẹ́ náà sì ní kìlómítà 120 ló lè rìn. Owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yuan 28,800. Kò sí ìgbéraga kankan lára mọ́tò náà, ṣùgbọ́n wàràwàrà ni wọ́n ń rà á.

Ọlọ́kadà ni ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ lọ́rùn jù. Ọ̀kadà oníná ń lo nǹkan bíi yúníìtì mẹ́ta sí mẹ́rin fún kìlómítà 100, bátìrì rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè yọ ọ́. Ní Kútọnu àti Lómè, níbi tí wọ́n ń pe ọlọ́kadà ní zémidjan, ilé iṣẹ́ Spiro ti ń ṣe é láti 2022 pé kí ọlọ́kadà máa pààrọ̀ bátìrì tó ti tán fún èyí tó kún ní ibùdó wọn, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bátìrì kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tó fi ní láti béèrè èyí tó tóbi. Àwọn ará Benin tilẹ̀ ní ìdí pàtàkì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, torí epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo, tó ń ti Nàìjíríà wọlé, gbówó lórí ní 2023 nígbà tí owó ìrànwọ́ dópin níbí. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ MAX, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2015 pẹ̀lú ọ̀kadà elépo, náà ti bọ́ sínú òwò ọ̀kadà oníná. Irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro ní ìlú tí ọlọ́kadà rẹ̀ kò pọ̀, torí ibùdó kan nílò èrò púpọ̀ kó tó pa owó. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ní ọ̀kadà ìkẹ́rù lè pawọ́ pọ̀ ra bátìrì kan lé, kí wọ́n sì máa fi sólà orí ṣọ́ọ̀bù kún un lọ́sàn-án tí ọ̀kadà bá wà lọ́nà.

Bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ náà tún kan iye tó ń lò. Bí eré bá kúrò ní 80 bọ́ sí 120, ipá afẹ́fẹ́ tó ń dojú kọ ọkọ̀ a ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹrù tí wọ́n dì sórí òrùlé a máa jẹ iná, táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó náà ń jẹ ẹ́. Àwọn òkè ilẹ̀ Ìjùmú kì í ṣe ọ̀tá pátápátá: bí mọ́tò oníná bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa yí padà di jẹnẹrétọ̀, a sì dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Kò lè dá gbogbo èyí tí gígun òkè jẹ padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀, níbi tí owó ti sábà máa ń bá omi lọ. Ooru ni ọ̀tá bátìrì, Leaf kò sì ní ohun èlò tí ń fi omi tu bátìrì lára bí ti Kona. Ní 2012, àwọn tó ra Leaf ní Arizona, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí oòrùn rẹ̀ mú gan-an, fi ẹjọ́ sùn pé bátìrì wọn ti ń dínkù kíákíá, nígbà tó sì di mọ́tò ti ọdún 2015, Nissan yí ohun tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì náà padà kó lè fara da ooru. Ẹni tó bá fẹ́ ra Leaf gbọ́dọ̀ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é kó tó béèrè iye tí mítà rẹ̀ ti kà. Kó sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún: àwọn ìlà kéékèèké méjìlá wà níbẹ̀ nígbà tí mọ́tò náà wà ní tuntun, tó ń sọ bí agbára bátìrì ṣe kù sí. Ìlà kan kì í kúrò títí bátìrì yóò fi pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ku mẹ́sàn-án, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, Leaf oníyúníìtì 24 tó ń rin 117 tẹ́lẹ̀ kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 85 lọ mọ́. Iye tí ẹni tó ń tà á bá dá lé e, kìlómítà 85 ni kí wọ́n fi ná an.