Bàbà tí Kì í Dí Iná Lọ́nà

Kò sí ilé kan ní Aláúsá, ní Ọ̀gbà tàbí ní Agége tí ọ̀ràn iná mànàmáná kò kàn. Ìyá tí ó kó ẹja sínú fíríìjì, aránṣọ tí ó ní aṣọ ìgbéyàwó láti parí kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la, àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn sí iṣẹ́, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń retí. Nígbàtí iná bá dé, àwọn ọmọdé a hó ìhó ayọ̀. Nígbàtí ó bá lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ a gba àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ń béèrè pé, kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí iná náà ní ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ìbéèrè yìí ni yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ ohun ìyanu kan tí a ti inú bàbà rí, èyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé kò tíì rídìí rẹ̀ tán títí di òní yìí.

Ní Ẹ̀gbin lẹ́bàá Ìkòròdú, ilé-iṣẹ́ iná ńlá kan ń bẹ tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́fà, a sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti pèsè mẹ́gáwáàtì 220. Wáyà orí òpó gíga ni ó ń gbé iná náà jáde ní fọ́ltì 330,000, a sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìwọ̀n tí ilé wa lè gbà. Iná náà kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe ìrìn àwọn ohun kékeré tí a ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Bí wọ́n ti ń lọ nínú wáyà, wọ́n ń fi ara gbún ohun tí wọ́n bá pàdé, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń fi èjìká gbún ara wọn ní ọjà Agége nígbàtí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbúnra yìí a di ooru, ooru náà sì ni apá kan iná tí ó ṣègbé sí ọ̀nà. Bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà bá di ìlọ́po méjì, àdánù náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé fọ́ltì sókè fún ọ̀nà jíjìn, kí ìṣàn náà lè kéré.

Ǹjẹ́ a ha lè rí wáyà tí kò ní dí iná lọ́nà rárá? Ní ọdún 1911, ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland, ọ̀gbẹ́ni Heike Kamerlingh Onnes mú mákúrì, ó sì mú un tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 269 sísàlẹ̀ òdo. Lójijì ìdínà inú rẹ̀ pòórá. Kì í ṣe pé ó dínkù. Ó pòórá ni. Àwọn onímọ̀ pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní superconductor. Àwa yóò pè é ní aláìdínà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òtútù náà pọ̀ jù, kò sì sí ohun tí a lè fi mú un tutù tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe hílíọ́ọ̀mù olómi, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n tí ó sì wọ́n. Fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn èyí, ìlọsíwájú kéré.

Nígbànáà ni ìyanu dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní 1986, Georg Bednorz àti Alex Müller, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún IBM lẹ́bàá Zürich, kò wá inú irin mọ́. Wọ́n po bàbà, ọ́síjìn, lanthanum àti barium pọ̀, wọ́n sì sun ún nínú iná títí ó fi di ohun dúdú líle tí ó fọ́ tètè bí àwo tánganran. Ohun yìí di aláìdínà ní ìwọ̀n tí ó ga ju ti gbogbo èyí tí a ti mọ̀ rí. Ní 1987, Paul Chu àti Maw-Kuen Wu pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi yttrium rọ́pò lanthanum, wọ́n sì dé ìwọ̀n 180 sísàlẹ̀ òdo. Ní ọdún náà gan-an ni a fi ẹ̀bùn Nobel dá Bednorz àti Müller lọ́lá.

Ẹni kan lè wí pé, òtútù kò ha sì tún ni? Òtútù ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀. Náítírójìn olómi wà ní ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo, inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ni a sì ti ń fà á yọ. Òun kan náà ni àwọn ilé-ìwòsàn tí ń ran tọkọtaya lọ́wọ́ láti bímọ ń lò láti pa oyún inú ìgò mọ́. Ohun tí ó jẹ́ ìṣúra ọba tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí ọwọ́ lè tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ohun dúdú yìí, nítorí níbẹ̀ ni àdììtú rẹ̀ wà. Bàbà lásán ń gbé iná dáradára. Ṣùgbọ́n bí a bá po bàbà, ọ́síjìn àti lanthanum nìkan, iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi ìjókòó ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìkórè ṣe àpẹẹrẹ. Ènìyàn kan wà ní àyè kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò gbà kí ẹlòmíràn jókòó lé òun lẹ́sẹ̀; nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rí lórí àwọn bàbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dàbí òòfà kékeré: bí ọ̀kan bá kọjú sókè, aládùúgbò rẹ̀ a kọjú sísàlẹ̀, títí dé òpin. Nítorí èyí, bí ẹ bá gbé ìṣó sún mọ́ ọn, kò ní fà á, nítorí agbára ọ̀kan ti pa ti èkejì rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi barium díẹ̀ rọ́pò lanthanum, ó dàbí ẹnipé àwọn ìyá kan gbé ọmọ wọn jáde kúrò ní ìjókòó. Àyè ṣí sílẹ̀. Ẹni kan sún, ẹlòmíràn sún tẹ̀lé e, ìrìn sì bẹ̀rẹ̀. Nígbàtí a bá yọ bí 5 nínú 100, ètò òòfà náà ti túká, ohun náà sì di aláìdínà bí ó bá tutù tó. Ní nǹkan bí 16 nínú 100 ni agbára rẹ̀ pọ̀ jùlọ. Bí a bá yọ ju 27 lọ, iṣẹ́ ìyanu náà a dópin, a sì dàbí irin lásán. Àṣejù kò yẹ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni àìtó kò yẹ ẹ.

Nínú aláìdínà gbogbo, méjì-méjì ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú irin, a mọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1957: ìmìtìtì àwọn átọ́ọ̀mù inú irin náà ni. Nínú ohun dúdú ti bàbà yìí, àlàyé náà kò tó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbàgbọ́ pé ìfẹ́ àtijọ́ tí àwọn òòfà kékeré náà ní láti kọjú òdìkejì sí ara wọn ni ó ń so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ohun kan sì tún wà nípa òòfà. Bí a bá gbé òòfà lé orí aláìdínà tí ó ti tutù, òòfà náà a dúró ní òfuurufú láìsí ohun tí ó gbé e ró, nítorí aláìdínà ń lé agbára òòfà jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Meissner àti Ochsenfeld ni wọ́n rí èyí ní 1933. Ṣùgbọ́n bí agbára òòfà bá pọ̀ jù, tàbí bí iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ bá kọjá ààlà, aláìdínà a pàdánù ipò rẹ̀.

Nísisìyí, kí ni èyí já mọ́ fún àwa ará Aláúsá? Ní ìlú Essen ní Jámánì, ní 2014, a ri okùn iná irú èyí mọ́lẹ̀ ní gígùn kìlómítà kan. Ní fọ́ltì 10,000 péré, a ṣe é láti gbé mẹ́gáwáàtì 40, iṣẹ́ tí okùn fọ́ltì 110,000 ń ṣe tẹ́lẹ̀. Irú rẹ̀ yẹ ìlú tí ilé fún mọ́ ilé, tí kò sí àyè láti gbẹ́ kòtò ńlá tàbí láti kọ́ ibùdó amúnárẹlẹ̀ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí Ìkẹjà ti rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Okùn tí kì í pàdánù iná nílò ẹ̀rọ tí yóò mú un tutù tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ náà sì ń jẹ iná. A ti ní ẹlẹ́rìí ní Lagos: nínú àwọn ẹ̀rọ MRI alágbára tí àwọn ilé-ìwòsàn fi ń wo inú ara, wáyà aláìdínà ti irú àtijọ́ wà nínú hílíọ́ọ̀mù olómi. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ atutù rẹ̀ sì dákẹ́ pẹ́, hílíọ́ọ̀mù a bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ, owó ńlá ni a sì fi ń rọ òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí kò ní iná tí ó dúró ṣinṣin kò lè lo aláìdínà láti fi wá iná tí ó dúró ṣinṣin. Bí a tilẹ̀ fi í ṣe gbogbo wáyà láti Ẹ̀gbin dé Aláúsá, iná tí a kò pèsè kò lè dé, èyí tí aládùúgbò wa jí lò kò sì lè padà. Àtúnṣe ìwà àti àtúnṣe ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní oṣù Keje 2023, àwọn kan ní ilẹ̀ Kòríà kéde pé ohun kan tí wọ́n pè ní LK-99 jẹ́ aláìdínà láìsí òtútù kankan. Ayé hó yèè. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹlòmíràn po tiwọn wò, wọ́n sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Aposteli Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa láti dán ohun gbogbo wò kí a tó dì í mú. Ẹ̀kọ́ náà yẹ ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì bí ó ti yẹ ilé Ọlọ́run.

Ẹ̀yin òbí, àdììtú yìí kò tíì ní ẹni tí ó tú u tán, kò sì sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ọmọ òyìnbó nìkan ni yóò tú u. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Animalu ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ti kọ̀wé lórí ọ̀ràn aláìdínà, àlàyé tí òun àti Volker Heine sì tẹ̀ jáde ní 1965 lórí ìwà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú irin di ohun tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń lò. Bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí wáyà fi ń gbóná, ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn. Ẹ fi sùúrù dá a lóhùn, ẹ sì ra ìwé fún un. Ọlọ́run tí ó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú bàbà kò fi í pamọ́ kí a má baà rí i.