Ipa Àjogúnbá Nínú Bárakú Ọtí: Àlàyé fún Olùkọ́

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fà yọ nígbà tí ọmọ ọ̀mùtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì wà ní kíláàsì, kò ṣòro kí olùkọ́ pàápàá ti dá a lẹ́jọ́ kí ó tó fi ẹnu kan ọtí rárá. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé bárakú ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibo ni agbára rẹ̀ dé? Ìbéèrè wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí gbìyànjú láti dáhùn.

Ohun tí Bárakú Ọtí Jẹ́

Mímu ọtí yàtọ̀ sí kí ọtí di bárakú. Ẹni tí ó mu ẹmu níbi ìnáwó, tí ó padà sílé, tí kò sì ronú kàn án mọ́, kò ní bárakú. Ọtí di bárakú nígbà tí ẹni tí ń mu ún kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu mọ́. Tí ìwọ̀n tí ó ń tó o tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òógùn sì ń bò ó bí kò bá rí i mu. Tí ó sì ń mu ún lọ bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń ba iṣẹ́, ìlera àti ìdílé òun jẹ́. Àìsàn ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ka ipò yìí sí, wọn kò kà á sí ìwàkiwà lásán.

Ẹ̀rí Láti Ara Ọmọ Àgbàtọ́ àti Ìbejì

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí àwọn olùwádìí dojú kọ ni pé òbí tí ó bí ọmọ náà ni ó sábà ń tọ́ ọ. Bí ọmọ ọ̀mùtí bá di ọ̀mùtí, ta ni yóò sọ bóyá ó jogún rẹ̀ ni tàbí ó wò ó kọ́? Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, Donald Goodwin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ àgbàtọ́ ní Denmark, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Wọ́n mú ọkùnrin 55 tí òbí tí ó bí wọn ní bárakú ọtí, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn ti gbà tọ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi wọ́n wé ọkùnrin 78 tí wọ́n gbà tọ́ bákan náà, ṣùgbọ́n tí òbí wọn kò ní ìṣòro yìí. Ìdá 18 nínú 100 ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni ó ní bárakú ọtí. Ìdá 5 péré ni nínú ìsọ̀rí kejì.

Àwọn ìbejì náà jẹ́rìí sí i. Ìbejì tí ó ti ara ẹyin kan ṣoṣo jáde jọ ní àbùdá kan náà. Àwọn tí ó ti ara ẹyin méjì jáde kò jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yòókù lọ. Irú àkọ́kọ́ ni bárakú ọtí sábà máa ń kan papọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde irú ìwádìí báyìí jọ ní ọdún 2015, ó hàn pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn sí ènìyàn nípa ewu bárakú ọtí ni ó ti ọwọ́ àjogúnbá wá. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ àyíká àti ìrírí.

Bí Jíìnì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Jíìnì ni àṣẹ àbùdá tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kò sí jíìnì kan tí a lè pè ní jíìnì ọ̀mùtí. Wọ́n pọ̀, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sábà máa ń kéré. Àwọn tí iṣẹ́ wọn hàn jù ni ADH1B àti ALDH2. Bí ọtí bá dé inú ẹ̀dọ̀, èròjà tí ADH1B ń darí yóò sọ ọ́ di acetaldehyde, tí í ṣe oró. Èròjà ti ALDH2 yóò wá sọ oró yìí di ohun tí kò léwu. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jàpáánì, Ṣáínà àti Kòríà, ALDH2 kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí wọ́n bá mu díẹ̀, ojú wọn á pọ́n, àyà wọn á máa lù kìkì, èébì á máa gbé wọn. Ìnira yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn mu àmujù. Oríṣi ADH1B kan tí ó wà lára àwọn kan nínú ìran Áfíríkà náà ni ìwádìí so mọ́ ìdínkù ewu.

Ní ọ̀nà mìíràn, Marc Schuckit ní California fi hàn ní ọdún 1994 pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ọtí kì í tètè pa ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di ọ̀mùtí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ń yìn bí agbára, àmì ewu ni.

Ẹ̀kọ́ Láti Jàpáánì

Susumu Higuchi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn tí ó ní bárakú ọtí ní Jàpáánì. Ní ọdún 1979, ìdá 2.5 nínú 100 wọn ni ó jogún ALDH2 aláìlágbára láti ọ̀dọ̀ òbí kan. Ní ọdún 1986, ó di 8. Ní ọdún 1992, ó di 13. Jíìnì orílẹ̀-èdè kì í yí padà láàárín ọdún 13. Àṣà ọtí mímu ni ó yí padà tí ó sì borí ààbò tí àbùdá fún wọn.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Àkọ́kọ́, kò tọ́ kí olùkọ́ fi orúkọ òbí pe ọmọ. Nínú àwọn ọmọ ọ̀mùtí tí Goodwin wò, ìdá 82 nínú 100 ni kò ní bárakú ọtí. Èkejì, kò tọ́ kí ó fi òtítọ́ pamọ́: ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ní ìtàn yìí nílò ìṣọ́ra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí páràgà àti ògógóró wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Kí ó pẹ́ kí ó tó tọ́ ọtí wò, tàbí kí ó má tọ́ ọ wò rárá, ni ààbò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, àjogúnbá kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí ó ti wọ inú bárakú nílò ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, èébú kò lè wò ó sàn.

Ìkádìí

Àlàyé yìí fi hàn pé òwe àwọn àgbà kò parọ́, ṣùgbọ́n jíjọ ni ó sọ, kò sọ pé ohun tí ó ṣe bàbá gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ. Àjogúnbá ń fi ewu kún ewu tàbí kí ó dín in kù. Ilé, ẹgbẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kù tí yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Olùkọ́ wà lára wọn.