Ẹ̀rín Lẹ́nu Tẹlifóònù

Iṣẹ́ kan wà tí ó ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ. Èyí ni iṣẹ́ àwọn akọ̀wé tí ń dáhùn ìpè ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, àwọn tí a mọ̀ sí kọ́sítọ́mà kíà. Láti ọdún 2023 ni àjọ NCC ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo, 300, ṣe ọ̀nà ìpè wọn ní gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Ohùn nìkan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Wọn kò rí ojú ẹni tí ń pè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà rẹ̀ ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti Èkó, ṣùgbọ́n ìròyìn owó kò wọlé. Ìyá tẹ 300. Akọ̀wé kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín, kí ẹ sì tún un tàn."

Ìyá ní, "Ó dára, ọmọ mi." Ó pa á. Ohùn gé!

Nígbà tí ó tún pè, akọ̀wé mìíràn ni ó dáhùn, òun náà sì ní, "Mà, ẹ pa fóònù yín." Ìyá figbe ta: "Ẹnìkejì rẹ ní kí n pa á, mo pa á, ìwọ náà tún ní kí n pa á. Ṣé ẹ kò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyá yìí ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1994, ìwé ìròyìn The Wall Street Journal ní Amẹ́ríkà ròyìn pé ìpè ń dà bo ilé-iṣẹ́ Compaq, tí ń ṣe kọ̀ǹpútà nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ní kí wọ́n tẹ "any key", èyí tí í ṣe bọ́tìnnì èyíkéyìí. Àwọn ènìyàn sì ń wá bọ́tìnnì tí a kọ "Any" sí lára! Ilé-iṣẹ́ náà kò bú wọn. Ó gbèrò láti yí gbólóhùn náà padà.

Ẹ̀rín yìí lè di ẹkún. Bí a bá ṣi PIN síìmù tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù yóò tì pa. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ tí a ń pè ní PUK ni yóò ṣí i. Bí a bá sì ṣi èyí náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà ti kú pátápátá nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti ìyá yín bí wọ́n bá ń pè, kí ẹ sì yá wọn ní fóònù mìíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá pè yín, ìbáà pe ara rẹ̀ ní kọ́sítọ́mà kíà.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń júwe ọ̀nà kọ́kọ́ mọ ibi tí abéèrè dúró sí.